Iṣẹ́, Ìyàn àti Okùn Ìyá Ajá

Nínú àwọn àlọ́ àpagbè tí wọ́n pa fún wa ní kékeré, bóyá ni a fi rí èyí tí ó tàn ká ilẹ̀ Yorùbá tó àlọ́ Ajá àti ìyá rẹ̀ tí ó gbé pamọ́ sí ọ̀run. Ìyàn mú ní ìlú àwọn ẹranko. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Ilẹ̀ gbẹ, ewéko rọ. Nígbà tí ebi fẹ́ run wọ́n tán, wọ́n fi ìmọ̀ ṣọ̀kan pé kí olúkúlùkù mú ìyá rẹ̀ wá kí àwọn pa á jẹ. Gbogbo wọn ṣe bẹ́ẹ̀, àfi Ajá, tí ó yára gbé ìyá tirẹ̀ lọ sí òkè ọ̀run. Láti ìgbà náà, Ajá a máa yọ́ lọ sí ìdí ibi tí òun nìkan mọ̀, a kọrin, ìyá a ta okùn sílẹ̀, Ajá a gùn ún lọ jẹun yó. Ìjàpá ni ó ṣàkíyèsí pé Ajá ń sanra nígbà tí àwọn yòókù ń rù. Ó ṣọ́ ọ, ó kọ́ orin náà, òun náà sì gun okùn. Ibì kan wà tí wọ́n ti ń sọ ọ́ pé òun nìkan ni ó gùn ún. Ibòmíràn, gbogbo ẹranko ni ó kó lẹ́yìn. Bí ó ti wù kí ó rí, Ajá ké sí ìyá rẹ̀ pé kí ó gé okùn, Ìjàpá já lulẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fọ́.

Kì í ṣe àárò ìgbà èwe ni ó mú mi padà sí ìdí àlọ́ yìí. Ewì ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 2024, ọmọ aládùúgbò mi kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń há iṣẹ́ tí wọ́n fún un ní ilé-ìwé sórí. Ewì Olóyè J. F. Odúnjọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí “Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́” ni, ọmọ náà sì ń kà á ketekete bí àwa náà ti ń kà á ní ìgbà tiwa. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni obìnrin yìí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí òun náà ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ewì kan náà. Ẹ̀wà tí ó wà nínú àwo rẹ̀ kò ju agolo mílíìkì mẹ́ta lọ, ènìyàn márùn-ún ni yóò sì jẹ ẹ́. Nígbà tí ọmọ ka ewì dé ìparí, ìyá kò sọ pé ó ṣe é dáadáa, kò sì sọ pé kò ṣe é dáadáa. Ó ní kí ó lọ gbé omi kaná.

Odúnjọ kì í ṣe òǹkọ̀wé tí ènìyàn lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. A bí i ní 1904; ó jẹ́ olùkọ́, ó di mínísítà ní ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní àwọn ọdún 1950, ó sì kú ní 1980. Ìwé Aláwìíyé rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi mọ̀wé kà. Ewì tí mo ń wí yìí náà kì í ṣe ewì yẹpẹrẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn, ìró rẹ̀ dùn, kò sí ibì kan tí kò lè yé ọmọ ọdún méje. Ẹni tí ó bá ní ewì náà kò dára, ara rẹ̀ ni ó ń tàn. Ibòmíràn ni èdè-àìyedè mi pẹ̀lú rẹ̀ wà.

Ewì náà ní bàbá, ó ní ìyá, ó ní dúkìá òbí tí ọmọ lè fi ojú sí, ó ní apá tí ọmọ yóò fi ṣiṣẹ́, ó ní ẹ̀kọ́ tí ọmọ yóò kọ́, ó sì ní ìyà tí ń dúró de ẹni tí ó bá kọ̀. Ohun tí kò ní ni ọjà. Láti orí iṣẹ́, akéwì gba ọ̀nà tààrà dé orí ìrọ̀rùn, bí ẹni pé kò sí ohunkóhun ní agbede méjì: kò sí owó oṣù, kò sí òṣùwọ̀n, kò sí ẹni tí ń dá iye lé ohun tí a ó jẹ. Bí ebi bá wá ń pa ènìyàn nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó wà nílẹ̀. Ọ̀lẹ ni.

Mo mọ̀ pé ìgbà ni ewì náà bá rìn. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí kòkó ń mú owó wọlé, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 1955, òbí lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ọmọ tí ó kàwé yanjú rí iṣẹ́, owó iṣẹ́ náà sì bọ́ òun àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ewì kò purọ́ fún àwọn tí a kọ́kọ́ kọ ọ́ fún. Àwa tí a ń bá a lọ láti máa fi kọ́ ọmọ bí ẹni pé ohunkóhun kò yí ni mo ń bá wí, mo sì ń bá ara mi wí pẹ̀lú, nítorí mo ti dúró lórí pèpéle níbi ayẹyẹ ilé-ìwé, mo sì ti pàtẹ́wọ́ fún ewì náà lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ìwọ̀n. Ní oṣù Keje 2024, owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di 70,000 náírà. 30,000 ni ó jẹ́ láti 2019. Ní ọdún 2024 yẹn kan náà, àpò ìrẹsì oníkílò 50 kọjá 70,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ọjà. Ẹni tí ó jí ní kùtùkùtù fún ọgbọ̀n ọjọ́, tí kò pa iṣẹ́ jẹ, tí kò wọ ọkọ̀, tí kò san owó ilé, tí kò ra oògùn ibà, kò lè fi gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀ gbé àpò ìrẹsì kan wọlé. Àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé ní oṣù Kẹfà 2024, oúnjẹ fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju bí ó ti rí ní oṣù Kẹfà 2023 lọ. Kò sí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ sáré tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun tí ó fà á kò ṣókùnkùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti dópin. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n tú owó náírà sílẹ̀ fún ọjà. Náírà tí a ń fi bí 460 ra dọ́là kan ní ọjà ìjọba ti kọjá 1,400 ní oṣù Kejì 2024. Epo tí ọkọ̀ akẹ́rù ń mu, ajílẹ̀, oògùn apakòkòrò, táyà, gbogbo wọn ni ó tẹ̀ lé dọ́là lọ sókè, tòmátì àti ẹ̀wà sì jókòó sínú ọkọ̀ náà.

Àwọn àgbà ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Lójú tèmi, òwe yìí mọ ètò ọrọ̀-ajé ju ewì ilé-ìwé lọ. Ó mọ̀ pé oúnjẹ ni ó ń jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó tálákà. Ọlọ́rọ̀ kì í jẹ ikùn méjì. Nítorí náà, ọ̀wọ́n oúnjẹ tí ó jẹ́ àròyé lásán ní ilé ọlọ́rọ̀ jẹ́ ìdájọ́ ní ilé kejì.

Mo ní ọ̀wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an yẹ ní wíwò. Ní èdè wa, ohun tí kò sí lọ́pọ̀ àti ohun tí owó rẹ̀ ga, ọ̀rọ̀ kan ni: ó wọ́n. Ohun tí ó kún ilẹ̀ àti ohun tí owó rẹ̀ wálẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ọ̀pọ̀. Àgbẹ̀ ni ó dá èdè báyìí sílẹ̀. Bí iṣu titun bá dé, ó pọ̀, owó rẹ̀ a sì wálẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá pẹ́, ó wọ́n ní oko, ó sì wọ́n ní ọjà. Ojú àgbẹ̀ yìí ni a ṣì fi ń wo ọjà títí di òní. Bí a bá ti gbọ́ pé oúnjẹ wọ́n, a ó dìde, a ó máa wá ẹni tí ó gbé e pamọ́ tàbí ẹni tí ó kọ̀ tí kò roko. Ní 1984, ní ìgbà Bùhárí àti Ìdíàgbọn, àwọn ológun ń já ilẹ̀kùn ìsọ̀, wọ́n ń kó mílíìkì àti ṣúgà oníṣòwò jáde, àwa sì ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti ra ẹ̀sẹ́ńkò. Ní oṣù Kejì 2024, ìjọba tún pàṣẹ pé kí àwọn agbófinró máa ṣọ́ àwọn tí ń kó oúnjẹ pamọ́. Ogójì ọdún ni ó wà láàárín àṣẹ méjèèjì.

N kò sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tí ń kó ọkà pamọ́ wà. Oúnjẹ náà sì dínkù ní ibi púpọ̀: a mọ iye àgbẹ̀ tí àwọn oníbọn ti lé kúrò ní oko ní Bẹ́núè, ní Zamfara, ní Káduná. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ sí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn ní ọdún 2024 kò ní sọ pé oúnjẹ kò sí. Òkìtì gàrí ga. Àpò ẹ̀wà to ara wọn dé àjà. Ata rodo pọ́n lórí àtẹ títí ó fi rọ, nítorí àwọn tí ń wò ó pọ̀ ju àwọn tí ń rà á lọ. Ó pọ̀, ó sì wọ́n. Èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ kan tí a lè fi pe ìyẹn.

Bí èdè kò ní ọ̀rọ̀, àwọn obìnrin ọjà ní ọgbọ́n. Kí iye tó gòkè ni òṣùwọ̀n ti kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Ènì ni ó kọ́kọ́ ń lọ, ẹ̀kúnwọ́ kékeré tí òǹtajà máa ń dà lé e lẹ́yìn tí ó bá ti wọn ọjà tán. Lẹ́yìn náà ni orí kóńgò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́: gàrí tí ó máa ń ga sókè bí orí òkè ni wọn yóò fi ọwọ́ gbá títí yóò fi bá etí kóńgò dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni a óò ṣàkíyèsí pé wọ́n ti lu ìdí kóńgò náà wọ inú. Lẹ́yìn èyí ni àwọn òǹrajà fúnra wọn yóò fi kóńgò sílẹ̀, wọn yóò máa ra oúnjẹ ní agolo mílíìkì. Mo ní kí ìyá onígàrí kan fi ènì sí i fún mi. “Bàbá,” ó ní, “ènì ti rìnrìn-àjò.” A jọ rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé òun náà kò lè bu ẹ̀kúnwọ́ kan kí ó má kan owó tí yóò fi ra ọjà mìíràn.

A ní àkàbà oúnjẹ kan nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Àwàdà ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ẹni tí ó yó ni ó sì lè fi ẹ̀kọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo ń rí nínú rẹ̀ ni pé, fún àwọn tí ó dá a sílẹ̀, ẹni tí ó bọ́ láti orí iyán kò bọ́ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Àtẹ̀gùn mìíràn wà tí yóò gbà á. Gàrí ni àtẹ̀gùn tí ó gba ìran tiwa. Ní ìgbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ a rẹ gàrí mu, a sì kàwé di òru. Ní 2024, nígbà tí gàrí náà gun òkè, ìsàlẹ̀ àkàbà ni ó ká. Ní ilẹ̀ Haúsá ní ọdún náà, àwọn ènìyàn ń ra ìdọ̀tí ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní àfàfàtà, èyí tí àwọn ọlọ́lọ̀ máa ń dà nù tàbí kí wọ́n tà á fún àwọn ọlọ́sìn ẹja. Mo gbìyànjú láti fi ìyẹn kún ọ̀rọ̀ àwọn àgbà náà. Kò ṣeé fi ṣe àwàdà.

Ẹni tí ó ràn mí lọ́wọ́ láti tún àlọ́ Ajá kà kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Amartya Sen ni, ọmọ Bẹ́ńgàl ní ilẹ̀ Íńdíà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyàn mú ní Bẹ́ńgàl ní 1943, tí ènìyàn mílíọ̀nù méjì sí mẹ́ta fi kú. Nínú ìwé tí ó kọ lórí ìṣẹ́ àti ìyàn ní 1981, ó ṣírò ìrẹsì tí ó wà ní Bẹ́ńgàl ní ọdún ìyàn náà, ó sì rí i pé kò kéré sí ti ọdún 1941, nígbà tí ìyàn kankan kò mú. Oúnjẹ wà. Ohun tí kò sí ni agbára láti dé ìdí rẹ̀: ogun mú kí iye ìrẹsì fò sókè, owó ojúmọ́ àwọn alágbàṣe oko kò sì lè bá a. Àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn roko ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ó kú. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdí okùn. Nínú àlọ́ wa, òótọ́ ni pé òjò kọ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò tán. Ó wà ní òkè, ó pọ̀ débi pé ó ń mú Ajá sanra. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àlọ́ náà tí ó ṣiṣẹ́ kí ó tó jẹun, bẹ́ẹ̀ ni Ajá kò jẹun nítorí pé ó gbọ́n ju Ẹfọ̀n tàbí pé ó lágbára ju Kìnnìún. Ó jẹun nítorí pé ẹnì kan wà ní òkè tí ó mọ ohùn rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa àlọ́ yìí kò ka ìwé Sen, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ohun tí ń ya ẹni tí ó yó kúrò lára ẹni tí ebi ń pa ní àkókò ìyàn kì í ṣe iṣẹ́, okùn ni. Odúnjọ kò rí okùn náà. Alápàlọ́ rí i.

Àwa náà ti fi ojú rí okùn náà nígbà tí wọ́n gé e. Ní oṣù Kejì 2021, ìjà ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn láàárín àwọn Yorùbá àti àwọn Haúsá. Ènìyàn kú, ilé jóná. Kí oṣù náà tó parí, ẹgbẹ́ àwọn tí ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè-Ọya ní àwọn kò kó ẹrù wá sí Gúúsù mọ́. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, àlùbọ́sà, tòmátì àti ẹran di ohun àpéwò ní Èkó àti Ìbàdàn. Ojú ti ọ̀pọ̀ nínú wa, àwa tí a máa ń fi ilẹ̀ ọlọ́ràá wa yangàn. Nígbà tí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà, tí ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dé, a gbàgbé. Òǹkọ̀wé Yorùbá kan kò sì tíì kọ eré tàbí ìtàn tí mo mọ̀ lórí ọ̀sẹ̀ náà. Ìfẹ́ àti ìjọba àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń kọ.

Ó ku ibi tí mo ti bá alápàlọ́ fúnra rẹ̀ jà. Ó rí okùn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ibi ẹ̀kọ́ tí àlọ́ kọ́ wa, ó fi ẹ̀yìn sí ohun tí ó rí. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí a má ṣe ọ̀kánjúwà bí Ìjàpá, kí a má ṣe jowú ẹni tí ó rí jẹ. Ẹ tún un wò. Ajá, tí ó jẹun yó lójoojúmọ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kú, kò gba ìbáwí kankan. Ìyá rẹ̀, tí ó gé okùn nígbà tí ẹni tí ebi ń pa ṣì wà lójú ọ̀run, ni a ń yìn pé ó gbọ́ràn sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tí ó já bọ́ ni a fi ń rẹ́rìn-ín, a sì ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó fọ́ han ọmọdé.

Ní oṣù Kejìlá 2024, láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ara wọn, àwọn ènìyàn tẹ ara wọn pa níbi tí wọ́n ti ń pín nǹkan fún aláìní. Ní Ìbàdàn, ọmọdé 35 ni ó kú níbi àríyá ọdún tí wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn fún wọn. Ní Òkíjà ní ìpínlẹ̀ Anámbra àti ní Àbújá, àwọn tí ó kú lé ní 30, ìrẹsì ni wọ́n wá gbà. Ní ọ̀sẹ̀ náà, mo gbọ́ ọ létí ara mi, kì í ṣe láti ẹnu ẹnì kan ṣoṣo, pé ọ̀kánjúwà ni ó pa wọ́n. Àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ènìyàn búburú. Wọ́n gbọ́ àlọ́ náà ní kékeré, wọ́n sì ka ewì náà ní ilé-ìwé. Láàárín méjèèjì, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ wọn pé ẹni tí ó ń fi ọwọ́ nawọ́ sí okùn lè má jẹ́ ọ̀lẹ, kí ó má sì jẹ́ wọ̀bìà. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún náà, àwọn ọ̀dọ́ tí ó jáde sí ìgboro kígbe pé ebi ń pa wá. Gírámà Yorùbá tọ̀nà níbẹ̀ ju èrò wa lọ: ebi ni ó ń ṣe iṣẹ́ inú gbólóhùn náà, ènìyàn kàn wà níbẹ̀ tí a ń pa á ni.

Ní ọdún 2025, iye oúnjẹ kan wálẹ̀. Ìjọba ti kéde ní oṣù Keje 2024 pé òun yóò fi àyè sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n kó àwọn oúnjẹ kan wọlé láìsan owó ibodè. Nígbà tí ó tún yá, náírà kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́. Àwọn ará ìlú ńlá dúpẹ́, mo sì bá wọn dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Òkè-Ògùn lẹ́yìn ìkórè, mo bá àgbẹ̀ kan tí ó to àpò àgbàdo kún iyàrá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn tẹ́lẹ̀. Ó ra ajílẹ̀ ní iye ọ̀wọ́n, wọ́n wá ń dá iye ọ̀pọ̀ lé ọkà rẹ̀. Bí ó bá tà á, kò ní rí owó tí ó ná padà. Ó bi mí pé èló ni wọ́n ń ta kóńgò àgbàdo ní Ìbàdàn. Mo sọ fún un. Ó fi igi kékeré kan ṣe ìṣirò sórí ilẹ̀, ó kà á títí ó fi kún àpò, ó tún un kà.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ta ni ó wá ń jẹ èyí tí ó kù láàárín?”

N kò dá a lóhùn. Mo ra àpò kan, a jọ gbé e sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì bu agolo mẹ́ta lé e lórí láìjẹ́ pé mo bèèrè.